Macaulay: Orúkọ Kan, Ọ̀nà Púpọ̀, Ilé Púpọ̀

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lórí orúkọ àmútọ̀runwá àti orúkọ àbísọ lọ́jọ́ kan, tí ọmọkùnrin kan fi nawọ́ sókè láti ẹ̀yìn kíláàsì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ilé wo ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ Herbert Macaulay ní Macaulay?" Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà bá mi délé. Ọ̀nà ńlá tó la Yàbá kọjá ń jẹ́ Herbert Macaulay, òmíràn ń jẹ́ ẹ ní Àbújá, àwòrán ọkùnrin náà sì dé ara owó náírà kan ní ọdún 1979. Ojoojúmọ́ ni ẹnu wa ń pe orúkọ náà. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí a tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá jìnnà. Ní ilẹ̀ Scotland ni, láàrin àwọn tí ń sọ èdè Gaelic ní erékùṣù Lewis àti agbègbè rẹ̀. "Mac" túmọ̀ sí ọmọ. Ìyókù ni bí ahọ́n àwọn ará ibẹ̀ ṣe pe Olaf, orúkọ tí àwọn Viking, àwọn atukọ̀ láti ìhà àríwá, mú wọ ilẹ̀ wọn. Ọmọ Olaf ni Macaulay. Bí a bá sì tú Olaf fúnra rẹ̀, àwọn onímọ̀ èdè ní kò ju ẹni tí àwọn baba ńlá fi sílẹ̀ sáyé, ìyẹn àrólé wọn. Ẹni tó ń jẹ́ Babátúndé kò ní í ṣe àjèjì sí irú èrò bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó gbé orúkọ náà wá sí ilẹ̀ adúláwọ̀ ni Zachary Macaulay, ọmọ àlùfáà kan, tí a bí sí Inveraray ní 1768. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí wọ́n rán an lọ sí Jamaica, níbi tó ti ṣe akọ̀wé àti alábòójútó ní oko ìrèké tí àwọn ẹrú ń ro. Ohun tó rí níbẹ̀ yí ọkàn rẹ̀ padà. Ó ṣe gómìnà ní Sàró láàrin 1794 sí 1799, ó wà níbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ogun àwọn Faransé kó ìlú Freetown ní 1794, ó sì padà sí London láti fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ tó kù kó ẹ̀rí jọ tako òwò ẹrú. Kí a má sì sọ ọ́ di òrìṣà: òun àti ọmọ arábìnrin rẹ̀ dá ilé òwò Macaulay and Babington sílẹ̀, òwò náà sì gbòòrò ní Sàró. Ìbátan rẹ̀ kan, Kenneth Macaulay, bójú tó òwò náà níbẹ̀, ó sì ṣe adelé gómìnà ní 1826. Ẹ rí i pé ìjọba ń jẹ́ Macaulay, ọjà ń jẹ́ Macaulay. Macaulay Street ṣì wà ní Freetown títí di òní.

Inú ìlú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń já àwọn ènìyàn wa sí. Lẹ́yìn tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòpin sí òwò ẹrú ní 1807, ọkọ̀ ogun wọn ń mú ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, wọ́n sì ń kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown. Ẹni tó bá gúnlẹ̀ síbẹ̀ gba òmìnira. Nígbà tí wọ́n bá sì ṣe ìtẹ̀bọmi fún un, orúkọ mìíràn dé. Àjàyí ọmọ Òṣogùn di Samuel Crowther ní 1825, nípa gbígba orúkọ àlùfáà kan tó wà ní London. Ní abúlé Kissy, ọkùnrin ará Ìkìrun kan wà tí ń jẹ́ Òjó, ìyàwó rẹ̀ Kílańgbé sì jẹ́ ọmọ Ilé-Ogbó. Ẹ ṣàkíyèsí pé orúkọ àmútọ̀runwá ni Àjàyí àti Òjó. Ọ̀kan dojú bolẹ̀ wáyé, èkejì gbé ibi kọ́rùn wá. Ọ̀run ló sọ wọ́n lórúkọ kí ènìyàn tó sọ wọ́n, síbẹ̀ ìwé ìjọba kò mọ ìyẹn.

Ní 1826 ni Òjó àti Kílańgbé bí ọmọkùnrin kan. Thomas Babington Macaulay ni orúkọ tí a fi mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe àpèlé nìkan ni wọ́n yá, odindi orúkọ ni. Thomas Babington jẹ́ ọlọ́rọ̀ onílẹ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ arábìnrin Zachary. Nílé rẹ̀ ni wọ́n ti bí àkọ́bí Zachary ní 1800, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ náà. Báyìí ni ọmọ Ìkìrun ṣe di àjùmọ̀jẹ́ pẹ̀lú òpìtàn tó lókìkí jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà.

Thomas Babington Macaulay ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Índíà, ó sì kọ ìwé kan fún ìjọba ní 1835 pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi owó ìjọba kọ́ àwọn ará ibẹ̀, nítorí pé ìmọ̀ inú èdè tiwọn kò tó nǹkan lójú rẹ̀. Títí di òní, bí ará Índíà bá fẹ́ bú ẹni tó gbàgbé èdè rẹ̀, ọmọ Macaulay ló ń pè é. Thomas Babington Macaulay tiwa fẹ́ Abigail ọmọ Crowther ní 1854, ó sì ṣí CMS Grammar School ní Èkó ní oṣù kẹfà 1859 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà. Òun ni ilé ìwé gíga àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a wá ń pè ní Nàìjíríà. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn gan-an ni òpìtàn náà kú. N kò lè ka ọdún méjèèjì yìí papọ̀ kí ara mi má bù máṣọ. Ní ilé ìwé tí èmi lọ, owó ìtanràn ni ẹni tó bá sọ Yorùbá ń san. Èwo nínú àwọn Macaulay méjèèjì ló ń gba owó náà? Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ mọ́ òkú: láìsí ọmọ Òjó, ta ni ìbá kọ́ àwọn tó kọ́ àwọn olùkọ́ mi? Àrùn ṣọ̀pọ̀ná ló pa á ní 1878.

Ọmọ rẹ̀ ni Herbert, tí a bí ní 1864. Ọláyínká wà lára orúkọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n Herbert Macaulay ni gbogbo ayé ń pè é. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn, nítorí pé Macaulay mìíràn wà ní Èkó nígbà kan náà. Edmund Macaulay, tí a bí ní 1866, jẹ́ ọmọ Sàró bíi tirẹ̀. Thomas Benjamin Macaulay ni bàbá rẹ̀, kì í ṣe Babington. Edmund lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sọ orúkọ òyìnbó nù, ó di Kítóyì Àjàṣà. Àkókò náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé Èkó ń ṣe bẹ́ẹ̀. David Vincent di Mọ́jọlà Agbebí ní 1894.

A ó rò pé ẹni tó gba orúkọ Yorùbá ni yóò gbèjà Yorùbá. Ó tì o. Ọ̀rẹ́ Lugard ni Àjàṣà. Ìwé ìròyìn rẹ̀, Nigerian Pioneer, tó dá sílẹ̀ ní 1914, ń gbè sẹ́yìn ìjọba amúnisìn, wọ́n sì fi oyè Sir dá a lọ́lá ní 1928. Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ará Scotland ló bá Olóyè Olúwa lọ sí London ní 1920 nítorí ilẹ̀ Àpápá. Ní 1921 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ dá Olúwa láre, £22,500 sì ni owó gbà-má-bìínú tí a san. Òun náà ló dá ẹgbẹ́ NNDP sílẹ̀ ní 1923, tó sì jà títí Ẹlẹ́kò Ẹ̀ṣùgbàyí, tí ìjọba yọ lóyè ní 1925, fi padà wálé ní 1931. Ní ọdún 1928 tí ọ̀kan gba Sir, ìjọba kan náà sọ èkejì sẹ́wọ̀n. Àwọn ará Èkó sì fún Macaulay ní orúkọ tiwọn, Ejò Nígboro, tí alùfáà kankan kò fi omi sí lórí.

Kí ni n ó wá sọ fún ọmọ kíláàsì mi? Mo sọ fún un pé wọ́n wo ilé, àmọ́ ilé onílé ni wọ́n wò, ọmọ náà sì wá kọ́ ilé tirẹ̀ sínú orúkọ náà. Ó ní, "Sà, kí ló wá dé tí kò sí ọ̀nà Òjó?" Mo ní kí ó jókòó.

Herbert kú ní oṣù Karùn-ún 1946. Ọ̀kan lára àwọn ọmọ ọmọ ọmọ rẹ̀ ni Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tó dá aláìsàn Ẹ̀bólà dúró ní Èkó ní 2014, tí àìsàn náà sì pa. Ọmọ Herbert lóbìnrin ni ìyá bàbá rẹ̀, nítorí náà kò jẹ́ Macaulay mọ́. Ní 2020 wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ̀nà kan ní Àbújá, ìlú kan náà tí ọ̀nà Herbert Macaulay wà. Ẹ̀jẹ̀ Òjó ará Ìkìrun ló so ọ̀nà méjèèjì pọ̀.