Èèpo Kátíríìjì Nínú Ìtàn Ogun Ọ̀rúndún Kọkàndínlógún: Ohun Tí Ó Kan Olùkọ́ Ìtàn Kíríjì

Ìfáàrà

Nígbàkígbà tí a bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn ogun Kíríjì, orúkọ àwọn akọni ni a máa ń kọ́kọ́ dá: Ògèdèǹgbé ti Iléṣà, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí, Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn. Lẹ́yìn èyí, a ó mẹ́nu ba ìbọn òyìnbó tí àwọn Èkìtìparapọ̀ rí gbà láti Èkó, a ó sì sọ pé ìbọn náà wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè dúró de àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni àlàyé sábà máa ń parí sí. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé àlàyé náà kò tíì kún tó. Ìbọn nìkan kọ́ ló dé. Ohun kékeré kan bá a dé. Ohun náà ni èèpo idẹ tí ẹ̀tù àti ọta wà nínú rẹ̀. Bí èèpo yìí kò bá dára, tàbí tí kò bá ihò ìbọn mu, ìbọn olówó ńlá di igi lásán.

Ohun tí a pè ní kátíríìjì nínú iṣẹ́ yìí ni odidi rẹ̀: èèpo, ẹ̀tù, ọta, àti ìṣáná kékeré tó wà ní ìdí rẹ̀. Èèpo ni a ó gbájú mọ́. A ó kọ́kọ́ wo ìbọn tí kò lò ó, kí a lè mọ ohun tó yí padà nígbà tó dé. A ó wo iṣẹ́ tí èèpo ń ṣe, àwọn ìkùnà tó kọ́ àwọn ológun bí wọ́n ṣe ń dá èyí tó dára mọ̀, àti bí àwọn kan ṣe ń lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lẹ́yìn náà ni a ó padà sí Kíríjì.

Ìbọn Ṣakabùlà

Ẹnu ni wọ́n ti ń ki ìbọn ṣakabùlà. Ológun tàbí ọdẹ yóò da ẹ̀tù sí i, yóò fi òwú tàbí ewé gbígbẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, yóò sì wá fi ọta sí i. Bí ọta òjé kò bá sí, wẹ́wẹ́ irin lè rọ́pò rẹ̀. Kò pọn dandan kí ohun tí a fi sínú rẹ̀ bá ihò rẹ̀ mu rẹ́gí. Ìdí ìbọn náà dí pa, kò sí ọ̀nà tí iná ẹ̀tù lè gbà tú sẹ́yìn àfi ihò kékeré tí iná ń gbà wọlé. Bí apá kan rẹ̀ bá bàjẹ́, alágbẹ̀dẹ ìlú lè tún un ṣe.

Ṣakabùlà ní àbùkù tirẹ̀. Kíkì rẹ̀ a máa pẹ́, òjò a máa ba ẹ̀tù rẹ̀ jẹ́, ọta rẹ̀ kì í sì í jìnnà. Síbẹ̀, ẹni tó ni ín kò nílò ilé iṣẹ́ òkèèrè kankan láti gé ohun tí yóò fi sínú rẹ̀ ní ìwọ̀n. Ẹ̀tù nìkan ni ohun tó sábà máa ń rà lọ́wọ́ oníṣòwò etíkun.

Iṣẹ́ Tí Èèpo Ń Ṣe

Ní ọdún 1866, àwọn ọmọ ogun Bírítéènì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìbọn Enfield wọn padà sí èyí tí a ń ti ìdí kì, nípa ọgbọ́n tí Jacob Snider, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀. Bí a bá ti ṣí ìdí ìbọn, ìṣòro kan yọjú: kí ni yóò dí iná ẹ̀tù lọ́wọ́ kí ó má tú sí ẹni tó ń yìn ín lójú? Èèpo ni ìdáhùn. Nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná, agbára rẹ̀ yóò ti ara èèpo mọ́ ògiri ihò ìbọn, kò ní sí àlàfo. Bí agbára náà bá ti rọlẹ̀, èèpo yóò sún kì díẹ̀, a ó sì lè fà á yọ láti fi òmíràn sí i.

Èyí fi hàn pé ìwà méjì tó takora ni a ń bèèrè lọ́wọ́ èèpo kan ṣoṣo. Ó gbọ́dọ̀ rọ̀ tó láti fẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ le tó láti padà. Bí ó bá kéré ju ihò lọ, yóò fẹ̀ kọjá agbára rẹ̀, yóò sì ya. Bí ó bá tóbi jù, ìdí ìbọn kò ní lè pa dé. Idẹ tí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ bàbà, tí ìdá 30 yòókù jẹ́ síńkì, ni ìrírí fi hàn pé ó lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì yìí.

Èèpo àkọ́kọ́ tí Ọ̀gágun Edward Boxer ṣe fún ìbọn Snider kì í ṣe odidi idẹ kan. Idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ká bí ẹni ká ìwé, tí wọ́n sì fi ìdí irin sí. Nígbà tí ìbọn Martini-Henry dé ní ọdún 1871, irú èèpo kíká yìí kan náà ni wọ́n lò fún un, àmọ́ wọ́n ṣe é ní ọlọ́rùn bí ìgò.

Àwọn Ìkùnà Tó Kọ́ni Lọ́gbọ́n

Ojú ogun ni àbùkù èèpo kíká ti hàn. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kìíní, ọdún 1885, ní Abu Klea ní ilẹ̀ Sudan, ìbọn Martini-Henry há mọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Bírítéènì lọ́wọ́. Ooru àti yanrìn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà ní ẹ̀bi tirẹ̀: ó ń lẹ̀ mọ́ ihò ìbọn, ìdí rẹ̀ a sì já nígbà tí wọ́n bá ń fà á. Lẹ́yìn ìrírí yìí ni èèpo tí wọ́n fà jáde láti ara odidi idẹ kan gba ipò rẹ̀. Idẹ róbótó pẹlẹbẹ ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ bí ife, tí wọ́n ń fà gùn díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fà á ni ó ń le sí i, nítorí náà wọ́n ní láti máa yá a níná láàrin kan sí èkejì kí ó má ba là.

Àpẹẹrẹ kejì kọ́ wa láti ṣọ́ra. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1876, àwọn Lakota àti Cheyenne ṣẹ́gun Custer àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní Little Bighorn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Fún ọdún pípẹ́ ni àwọn ènìyàn fi ń sọ pé èèpo bàbà tó há sínú ìbọn ló pa wọ́n. Nígbà tí iná jó koríko ibẹ̀ ní ọdún 1983, àwọn awalẹ̀pìtàn rí àyè wá ilẹ̀ náà ní 1984 àti 1985. Wọ́n yẹ èèpo wò lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá àpá ọ̀bẹ tí wọ́n fi yọ ọ́ wà lára rẹ̀. Díẹ̀ ni wọ́n rí. Ìtàn tí gbogbo ayé gbà gbọ́ kò dúró níwájú ẹ̀rí tó ti wà nínú ilẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Ẹ̀kẹta ṣẹlẹ̀ láìsí ogun rárá. Ní ilẹ̀ Íńdíà lábẹ́ ìjọba Bírítéènì, wọ́n rí i pé kátíríìjì tí wọ́n kó pamọ́ ń là fúnra rẹ̀ ní àsìkò òjò. Ní ọdún 1921 ni Moore, Beckinsale àti Mallinson ṣe àlàyé rẹ̀: amóníà, irú èyí tí ìtọ̀ ẹṣin máa ń mú jáde nínú ilé ẹṣin, ló ń jẹ idẹ tí ìnira fífà ṣì wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá yá a níná díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti fà á tán, ìnira náà a kúrò. Nípa báyìí, èèpo tó ń dán lójú lè ní àìsàn tí ojú kò rí.

Títún Èèpo Kì

Èèpo tó dára kì í parí iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Láàrin ọdún 1870 sí 1880, àwọn ọdẹ ẹfọ̀n ní Amẹ́ríkà ń ṣa èèpo wọn jọ, wọ́n ń fi ìṣáná, ẹ̀tù àti ọta tuntun sí i. Àyẹ̀wò wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe kókó: wọ́n ń wo ẹnu èèpo bóyá ó ti là, wọ́n ń wo ìtòsí ìdí rẹ̀ bóyá ìlà kan ti yí i ká tí yóò ti já, wọ́n sì ń tì í bọ ihò ìbọn láti mọ̀ bóyá ó ṣì wọlé wọ́ọ́rọ́. Èyí tó bá kùnà, wọ́n á sọ ọ́ nù.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn alágbẹ̀dẹ Samori Touré gbìyànjú ju èyí lọ. Wọ́n ṣe àfarawé ìbọn Faransé, wọ́n sì ń ṣe kátíríìjì rẹ̀. Ìsapá ńlá ni, ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ ń ṣe kò lè bá ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe dọ́gba ní iye. Àwọn Faransé mú Samori ní ọdún 1898.

Kíríjì àti Àdéhùn Brussels

A lè padà sí Kíríjì wàyí. Ní ọdún 1878 ni Èkìtìparapọ̀ fìdí múlẹ̀. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó, tí Sàró pọ̀ nínú wọn, ló ń ṣètò ìbọn Snider àti kátíríìjì ránṣẹ́ sílé. Ọ̀nà Oǹdó, tí Gómìnà Glover là ní ọdún 1872, ló ṣe pàtàkì jù fún èyí, nítorí kò gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tàbí ti Ẹ̀gbá kọjá. Ìwé ìtàn Samuel Johnson, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, jẹ́rìí sí ìpayà tí ìbọn náà kó bá àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí a kọjú ìbọn kọ òun? Òwe yìí bá ṣakabùlà mu. Ní ti Snider, ẹni tó bá mọ̀ pé kátíríìjì ọ̀tá ti tán kò ní ìdí láti sá mọ́. Gbogbo ìgbà tí ọmọ ogun Èkìtìparapọ̀ bá yin ìbọn ni ó tún ń pọn ọ́n dandan kí ẹrù mìíràn ti Èkó bọ̀.

Èyí kì í ṣe nítorí pé Yorùbá kò mọ idẹ. Ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú kí òyìnbó tó dé ni àwọn asúdẹ Ilé-Ifẹ̀ ti ń ṣe orí tí gbogbo ayé ń yìn lónìí. Ṣùgbọ́n dídà ni iṣẹ́ asúdẹ: idẹ yíyọ́ ni wọ́n ń dà sínú amọ̀. Fífà ni iṣẹ́ èèpo: idẹ tútù ni ẹ̀rọ ń tẹ̀ tí ó ń nà, kí ẹgbẹ̀rún kan lè rí bákan náà. Ọgbọ́n méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ọ̀kan kò sì rẹ ìkejì sílẹ̀.

Àwọn ìjọba òyìnbó mọ ìyàtọ̀ yìí. Nínú àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Brussels ní oṣù Keje ọdún 1890, wọ́n dènà ìbọn ìgbàlódé àti kátíríìjì láti wọ apá tó pọ̀ jù ní Áfíríkà, wọ́n sì yọ̀ǹda ṣakabùlà àti ẹ̀tù lásán lábẹ́ òfin. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, ìbọn Maxim, tó ń jẹ kátíríìjì lé kátíríìjì láìdúró, wà lára ohun tí Bírítéènì kó lọ bá Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbòn. Ní ọdún 1893, Gómìnà Carter tú àwọn àgọ́ ogun tó ṣẹ́ kù ká.

Àgbálọ-gbábọ̀

Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé agbára ogun kúrò lára ìbọn, ó bọ́ sí ọwọ́ ẹni tó lè ṣe èèpo tó péye, tó sì lè ti ọ̀nà mọ́ ọn. Ó yẹ kí olùkọ́ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí èyí kí ó tó bi wọ́n pé ta ló borí.

Ohun kan tún kù. Bí àgbẹ̀ kan bá hú èèpo idẹ jáde nínú oko rẹ̀ láàrin Ìgbàjọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, ẹni tó ń ra irin àlòkù ni yóò kọ́kọ́ san owó fún un, iná ni yóò sì gbẹ̀yìn rẹ̀. Little Bighorn ti fi hàn wá pé irú èèpo bẹ́ẹ̀ lè tú ìtàn tí a ti gbà gbọ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé bí wọ́n bá rí i, kí wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti rí i sílẹ̀, kí wọ́n má fọ̀ ọ́, kí wọ́n má tà á, kí wọ́n sì mú un tọ àwọn tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lọ. Bí ọta ṣì wà nínú rẹ̀, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án rárá. Kí wọ́n pe àwọn ọlọ́pàá. Àkọsílẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò fi ìwé ṣe é.