Ilé Ilẹ̀ Yábàá: Ogún Tí Àjàkálẹ̀ Àrùn Fi Sílẹ̀ fún Èkó

Ní ọdún 2028, yóò pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí ìjọba amúnisìn dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀, àjọ tí àwọn àgbà Èkó mọ̀ sí LEDB. Bí a bá ń ka iṣẹ́ ọwọ́ àjọ náà, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ilé ilẹ̀ alápáánù tó ṣẹ́ kù ní Yábàá, nítorí ara wọn la ti lè rí bí Èkó ṣe kúrò lórí erékùṣù.

Èèyàn ti wà ní òdìkejì ọ̀sà tipẹ́. Ní 1867, nígbà tí rògbòdìyàn tí wọ́n ń pè ní Ìfọ́lé lé àwọn onígbàgbọ́ jáde ní Abẹ́òkúta, Gómìnà Glover fún wọn nílẹ̀ sí Ẹ̀bútè Mẹ́tta. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú irin dé. Ní 1898, wọ́n kọ́ ilé pẹtẹ́ẹ̀sì ńlá kan sínú ọgbà rélùwéè níbẹ̀, èyí tí a ń pè ní Jaekel House lónìí. Àwọn ọ̀gá òyìnbó ni wọ́n kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ fún nígbà náà. Kì í ṣe fún akọ̀wé tàbí káfíńtà.

Àrùn ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku àti kòkòrò ara rẹ̀ ń gbé kiri wọ Èkó. Ibi tí ilé há mọ́ ilé lórí erékùṣù, tí afẹ́fẹ́ kò ráàyè wọlé, ibẹ̀ ló ti ríbi ba sí. Ní 1928, ìjọba ṣòfin ètò ìlú, LEDB sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n wó ilé ní Oko Àwo lórí erékùṣù, wọ́n sì la òpópónà, wọ́n pín ilẹ̀ ní Yábàá. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n wó ilé bàbá rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ rí ni bí ọjà àti ẹbí ṣe wá jìnnà sí i.

Ẹ wo irú ilé tó dìde lórí ilẹ̀ tuntun náà dáadáa, ẹ ó rí i pé àrùn ọ̀hún ló ya àwòrán rẹ̀. Ìpìlẹ̀ ga, kí ọ̀rinrin má baà gun ògiri. Àjà jìnnà sí orí, fèrèsé onípákó sì dojú kọra, kí atẹ́gùn lè gba inú ilé kọjá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ń gba oòrùn àti òjò dúró. Ilé ìdáná, balùwẹ̀ àti ṣáláńgá wà ní ẹ̀yìnkùlé. Àyè wà láàárín ilé kan àti èkejì. Láàárín ọdún díẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé e: Igbobi College ní 1932, Yaba Higher College tí wọ́n ṣí ní 1934. Bí Yábàá ṣe di àdúgbò akọ̀wé àti olùkọ́ nìyẹn.

Ìtàn náà kò parí láìsí Pápá Àjàó. Ibẹ̀ kò jìnnà sí Yábàá, ṣùgbọ́n Muṣin ló wà, Muṣin sì wà lẹ́yìn ààlà ìgboro Èkó nígbà náà. Ní 1955, nígbà tí LEDB tún ń kó àwọn ará àárín gbùngbùn Èkó lọ sí Sùúrùlérè, Western Region ló ń ṣàkóso Muṣin, àṣẹ LEDB kò sì dé ibẹ̀. Onílé fúnra rẹ̀ ló ń wọn ilẹ̀, tó ń pe bíríkìlà. Ilé tí yàrá dojú kọ yàrá, tí àwọn ará Èkó ń pè ní face-me-I-face-you, ló gba àdúgbò kan, tó ń gba àlejò tí ń wá iṣẹ́. Ọdún 1967 ni Muṣin bọ́ sínú Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní 1972 ni wọ́n pa LEDB àti àjọ ètò ìlú Ìkejà pọ̀ di LSDPC, àjọ ìdàgbàsókè àti ohun ìní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ààlà ọ̀hún ti kúrò nínú ìwé òfin, àmọ́ ojú ṣì ń rí i lára ilé.

Ìdí nìyẹn tí ilé ilẹ̀ fi níyì, bí kò tilẹ̀ sí olókìkí kan tó gbé inú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Yábàá ti di wúrà. Ibi tí ìdílé kan ń gbé lè gba fúláàtì mẹ́jọ, a kò sì lè bú ọmọ olóògbé tó bá tà á kó lè rí owó pín. Òfin nìkan kò lè gbà á là. Ilojo Bar, ilé àtijọ́ kan ní Erékùṣù Èkó, di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí orílẹ̀-èdè dá mọ̀ ní 1956. Wọ́n wó o ní Oṣù Kẹsàn-án 2016. Jaekel House ẹ̀wẹ̀ ṣì dúró, nítorí pé ẹgbẹ́ Legacy, tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́, àti iléeṣẹ́ rélùwéè tún un ṣe ní 2010, wọ́n sì fún un ní iṣẹ́ tuntun: ó di ibi tí wọ́n ń kó ohun ìrántí rélùwéè sí. Ilé tó bá níṣẹ́ lọ́wọ́ ni kì í tètè wó.

Nítorí náà, kí ọgọ́rùn-ún ọdún LEDB tó pé, kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ka iye ilé ilẹ̀ àtijọ́ tó kù ní Yábàá, kí ó wọ̀n wọ́n, kí ó ya àwòrán wọn, kí ó sì dín owó orí kù fún onílé tó bá sọ tirẹ̀ di ilé ẹ̀kọ́, ọ́fíìsì tàbí ilé ìwòsàn láìwó o. Kí ó ka ti Pápá Àjàó mọ́ ọn, nítorí ìdajì ìtàn náà wà níbẹ̀.