Ènìyàn Laṣọ: Ta Ní Ń Wáṣẹ́ fún Ọmọ Àlejò?

Ní Niangon, ní Yopougon tó wà nínú ìlú Abidjan, ọmọ oníṣòwò tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè lè gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì kó má sì rí ẹni tí yóò mú un dé ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀.

Láyé àwọn Faransé, ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ni ọ̀nà iṣẹ́. Ẹni tó bá jáde ní William Ponty ní Senegal, ìjọba ti mọ ibi tí yóò rán an lọ, yálà olùkọ́ ni tàbí akọ̀wé. Àwọn ará Dahomey, tí àwọn Yorùbá tí à ń pè ní Nago wà lára wọn, tètè kàwé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe pọ̀ ní ọ́fíìsì Abidjan.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1958, inú bí àwọn ọ̀dọ́ onílé tó kàwé tí wọn ò ríṣẹ́. Wọ́n kọlu àwọn ará Dahomey àti Togo, wọ́n kó wọn lẹ́rù, ọ̀pọ̀ sì padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ǹjẹ́ lílé tí wọ́n lé àlejò parí ìṣòro náà? Rárá. Lẹ́yìn òmìnira 1960, ìjọba ló ń gba àwọn tó kàwé síṣẹ́. Nígbà tí owó kòkó já wálẹ̀, tí Côte d'Ivoire sì kéde ní 1987 pé òun ò lè san gbèsè mọ́, ìlẹ̀kùn yẹn tì mọ́ ọmọ onílé àti ọmọ àlejò pọ̀.

Nàìjíríà dá NDE sílẹ̀ ní 1986. Côte d'Ivoire dá AGEPE sílẹ̀ ní 1993, ó sì fi Agence Emploi Jeunes rọ́pò rẹ̀ ní 2015. Iṣẹ́ ribiribi ni. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ ni irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń bá pàdé. Inú ilé ẹ̀kọ́ ló yẹ kí ìrànlọ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n wá ibi ìkọ́ṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n kọ́ ọ bí a ti ń kọ̀wé béèrè iṣẹ́, kí wọ́n sì mú un mọ àwọn tó ti jáde ṣáájú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ọ̀pọ̀ ọmọ Latino ló jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó wọ yunifásítì nínú ìdílé wọn. Ọ́fíìsì irú èyí ló ń ṣe ẹ̀gbọ́n fún wọn.

Ènìyàn laṣọ, lóòótọ́. Ẹni tí kò bá léèyàn, ilé ẹ̀kọ́ tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ló yẹ kó di aṣọ rẹ̀.