Orin ijó ẹlẹ́rọ: Àwọn àwo àti òṣèré tí àwọn olólùfẹ́ wọn kò gbàgbé

Láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ni àwọn kan ti ń fi ẹ̀sùn kan orin ijó tí a fi ẹ̀rọ ṣe, pé kò ní ẹ̀mí. Wọn a ní, kí ni ènìyàn fẹ́ lọ wò níbi tí kò ti sí onígìtá, tí kò sí onílù, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ni ó ń lu ìlù, tí ẹni tó dúró tì í kàn ń fọwọ́ tẹ bọ́tìnnì? Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ́tí sí ohun tí àwọn olólùfẹ́ orin náà máa ń sọ nígbà tí wọ́n bá ń rántí àwọn àwo àtijọ́ àti àwọn òru tí wọ́n fi wo àwọn òṣèré rẹ̀ lójúkojú, ọwọ́ ènìyàn ni ó pọ̀ jù nínú ìrántí wọn. Ìtàn ẹni tó na ẹ̀rọ rẹ̀ sí èrò ìwòran kí wọ́n bá a tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n ń sọ, àti ìtàn ẹni tó gbé orin kan ṣoṣo sí i lẹ́ẹ̀mẹrin lóru ọjọ́ kan títí àwọn oníjó fi gbà á. Ìrántí bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì, nítorí pé púpọ̀ nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àwọn òru náà ni ẹnikẹ́ni kò gbà sílẹ̀, ẹnu àwọn tó wà níbẹ̀ nìkan ni a sì ti lè gbọ́ ọ.

Àwọn ọkùnrin mẹ́rin láti Düsseldorf

Ní ọdún 1970 ni Ralf Hütter àti Florian Schneider dá ẹgbẹ́ Kraftwerk sílẹ̀ ní ìlú Düsseldorf, lórílẹ̀-èdè Jámánì. Àwo wọn tí wọ́n pè ní Autobahn, tó jáde ní ọdún 1974, ni ó gbé orúkọ wọn dé Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà. Orin kan ṣoṣo, tó dá lórí ìrìn àjò lójú ọ̀nà márosẹ̀, ni ó gba odidi ojú kìíní àwo náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Trans-Europe Express jáde ní ọdún 1977, The Man-Machine ní ọdún 1978, àti Computer World ní ọdún 1981. Nígbà tí wọ́n ṣe èyí tó gbẹ̀yìn yìí, kọ̀ǹpútà kò tíì wọ ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn, síbẹ̀ wọ́n ti ń kọrin nípa ayé tí ilé ìfowópamọ́ àti ọlọ́pàá yóò máa fi kọ̀ǹpútà tọ́jú àkọsílẹ̀ nípa aráàlú.

Lórí ìtàgé, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin a tò sórí ìlà kan, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ mira. Wọ́n tilẹ̀ ṣe ère tó jọ wọ́n, tí wọ́n ń gbé síta rọ́pò ara wọn nígbà tí wọ́n bá dé orí orin The Robots. Ẹni tó bá wo èyí nìkan lè gbà pé òótọ́ ni ẹ̀sùn àwọn tó ń bú wọn. Ṣùgbọ́n nínú ìrìn àjò orin ọdún 1981, nígbà tí wọ́n bá dé orí Pocket Calculator, wọ́n a kó àwọn ẹ̀rọ kéékèèké dání, wọ́n a rìn wá sí etí ìtàgé, wọ́n a sì na ẹ̀rọ náà sí àwọn tó dúró níwájú kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ohùn tí ìka èrò ìwòran bá mú jáde ni gbogbo gbọ̀ngán yóò gbọ́. Ìyẹn ni àwọn tó wà níbẹ̀ ń rò títí di òní.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2012, ẹgbẹ́ náà kọ àwo mẹ́jọ fún òru mẹ́jọ ní ilé ọnà Museum of Modern Art ní New York. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní Tate Modern ní London ní ọdún 2013, àwọn tó fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì pọ̀ débi pé ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń tà á dẹnu kọlẹ̀. Schneider kò sí lára wọn mọ́ nígbà náà. Ó kú ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ní ẹni ọdún 73.

Orísun odò: Chicago àti Detroit

Jámánì ni ohùn ẹ̀rọ náà ti wá, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ni wọ́n sọ ọ́ di ijó tí a ń jó mọ́jú. Ní ọdún 1977 ni wọ́n ṣí ilé ijó kan tí wọ́n ń pè ní The Warehouse ní ìlú Chicago, tí wọ́n sì mú Frankie Knuckles wá láti New York kí ó máa gbé àwo sí i fún wọn. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń lọ síbẹ̀ ni ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú àti ọmọ àwọn tó wá láti Látìn Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, tí àwùjọ kò gbà mọ́ra. Lára orúkọ ilé yìí ni wọ́n ti gé orúkọ orin náà, tí gbogbo ayé fi ń pè é ní house.

Ọjọ́ kan wà tí àwọn àgbà olólùfẹ́ orin yìí kì í gbàgbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọjọ́ ayọ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 1979, wọ́n kó àwo orin disco jọ sínú àpótí kan ní pápá ìṣeré Comiskey Park ní Chicago, láàárín ìdíje méjì eré baseball, wọ́n sì fi ohun abúgbàù fọ́ ọ yángá. Èrò ya wọ inú pápá, kò sì ṣeé ṣe láti gbá ìdíje kejì. Lẹ́yìn èyí, àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tó ń gbé àwo jáde kẹ̀yìn sí disco. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò jáwọ́. Wọ́n yíjú sí àwọn ẹ̀rọ ìlù tí iléeṣẹ́ Roland ti Japan ṣe, irú bíi TR-808 àti TR-909, àti TB-303 tó ń mú ohùn ìsàlẹ̀ jáde. Àwọn ẹ̀rọ náà kò tà dáadáa, nítorí náà a máa ń rí wọn rà ní owó pọ́ọ́kú lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù.

TB-303 yìí ni àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tó ń jẹ́ Phuture fi ṣe Acid Tracks. DJ Pierre, ọ̀kan nínú wọn, ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà bí wọ́n ṣe gbé e lọ fún Ron Hardy ní ilé ijó Music Box nígbà tó ṣì wà lórí téèpù. Nígbà àkọ́kọ́ tí Hardy gbé e sí i, àwọn oníjó kúrò lójú agbo. Ó tún gbé e sí i. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹrin ní òru ọjọ́ náà, ariwo ayọ̀ ti sọ. Kó tó di pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí àwo ní ọdún 1987, àwọn oníjó fúnra wọn ti sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n sì ti ń pín in kiri lórí kásẹ́ẹ̀tì.

Ní Detroit, àwọn ọmọ iléèwé kan náà, Juan Atkins, Derrick May àti Kevin Saunderson, ń gbọ́ orin Kraftwerk lórí rédíò lọ́wọ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ̀ sí The Electrifying Mojo. Iṣẹ́ wọn ni ó di techno. Ní ọdún 1988 ni wọ́n kó orin àwọn ará Detroit jọ sínú àwo kan tó jáde ní Ìlú Ọba, tí orúkọ náà sì tàn kálẹ̀. Àwọn Yorùbá ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ. Nígbà tí orin yìí di ohun tó ń kó owó rẹpẹtẹ wọlé ní Yúróòpù, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jó o kò mọ̀ pé aláwọ̀ dúdú ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó ti rí Knuckles àti Hardy lójúkojú ni wọ́n kọ̀ tí wọn kò jẹ́ kí orúkọ wọn parẹ́.

Òfin, pápá àti iná orí

Láti ọdún 1988 ni àwọn ọ̀dọ́ Ìlú Ọba ti ń kóra jọ sí pápá àti ilé ìkẹ́rù tó ṣófo láti jó mọ́jú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1992, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn péjọ sí Castlemorton fún ọjọ́ mélòó kan. Ní ọdún 1994, ìjọba ṣe òfin tó fún ọlọ́pàá lágbára láti tú irú àpéjọ bẹ́ẹ̀ ká. Òfin náà tilẹ̀ dárúkọ orin tí ìlù rẹ̀ ń tún ara rẹ̀ lù. Ọdún yẹn náà ni ẹgbẹ́ The Prodigy gbé àwo Music for the Jilted Generation jáde. Àwòrán tó wà nínú páálí rẹ̀ fi àwọn ọlọ́pàá hàn ní apá kan ọ̀gbun, àti àwọn tó ń jó ní apá kejì, ẹnì kan sì ń gé okùn afárá tó so ìhà méjèèjì pọ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà ni Phil àti Paul Hartnoll, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń jẹ́ Orbital, ṣeré níbi àjọ̀dún Glastonbury, tí wọ́n sì fi í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ tó ti gbà pé orin ẹ̀rọ kò ṣeé wò lórí ìtàgé ni ó yí ọkàn padà lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn méjèèjì de iná tọ́ọ̀ṣì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú kí wọ́n lè rí ẹ̀rọ wọn nínú òkùnkùn, èrò ìwòran kò sì rí ju iná mẹ́rin tó ń jó lọ sókè sódò. Wọn kì í gbé orin sílẹ̀ kó máa dá kọ ara rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe rí ìṣesí agbo ni wọ́n ń pinnu ìgbà tí ìlù yóò wọlé àti ìgbà tí yóò dákẹ́, bí onílù ṣe ń wo ẹsẹ̀ oníjó.

Oníjó ni Keith Flint jẹ́ nínú The Prodigy tẹ́lẹ̀, kó tó di pé ó gba gbohùngbohùn nínú Firestarter ní ọdún 1996. Nígbà tó kú ní oṣù kẹta ọdún 2019, ní ẹni ọdún 49, ẹgbẹẹgbẹ̀rún olólùfẹ́ tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní Essex láti sin ín.

Àwọn tó dárúkọ olùkọ́ wọn

Ní ọdún 1997 ni àwọn ọmọ Faransé méjì, Thomas Bangalter àti Guy-Manuel de Homem-Christo, tí wọ́n ń jẹ́ Daft Punk, gbé Homework jáde. Inú yàrá nínú ilé Bangalter ni wọ́n ti ṣe é. Orin kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Teachers, tó jẹ́ pé orúkọ àwọn tí wọ́n kọ́ṣẹ́ lára wọn ni wọ́n ń pè níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ará Chicago àti Detroit. Láti ẹnu orin yẹn ni àwọn ọ̀dọ́ kan ní Yúróòpù ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ àwọn aṣíwájú náà.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2006, wọ́n jáde ní àjọ̀dún Coachella ní California, nínú pírámídì oníná, pẹ̀lú akoto tó bo gbogbo orí. Fóònù tó lè gba fídíò gidi kò tíì pọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn, nítorí náà ẹnu ni ìròyìn òru náà fi tàn. Àwo Alive 2007, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Paris, ni ó fún àwọn tí kò sí níbẹ̀ ní ìpín tiwọn. Àwọn méjèèjì tú ẹgbẹ́ náà ká ní oṣù kejì ọdún 2021.

Onílù Èkó àti ẹ̀rọ Detroit

Àjọṣe kan wà tó fi hàn pé onílù àti ẹ̀rọ kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Tony Allen, tí wọ́n bí ní Èkó ní ọdún 1940, tó sì lu ìlù fún Fela nínú Africa 70, pàdé Jeff Mills, ọmọ Detroit tó máa ń fi ìka lu TR-909 lójú agbo bí ẹni ń lu ìlù àfọwọ́lù. Wọ́n jọ ṣeré lórí ìtàgé, wọ́n sì gbé àwo Tomorrow Comes the Harvest jáde ní ọdún 2018. Allen kú ní Paris ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2020, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò tún rí àwọn méjèèjì papọ̀ mọ́.

Bí àwọn òṣèré ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni ilé ijó ń lọ. The Haçienda ní Manchester, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1982, ti kógbá wọlé ní ọdún 1997. Wọ́n wó o lulẹ̀ ní ọdún 2002, wọ́n sì kọ́ ilé gbígbé síbẹ̀. Ti Chicago kò rí bẹ́ẹ̀. Knuckles ti kú láti ọdún 2014, ṣùgbọ́n àwọn olólùfẹ́ orin náà fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má wó ilé The Warehouse, ìjọba ìlú náà sì fi òfin dá ilé náà sí ní ọdún 2023. Láti ọdún 1982 ni ilé ijó yẹn ti kúrò lọ́wọ́ Knuckles. Ohun tí àwọn ènìyàn rántí nípa ọdún márùn-ún péré ni kò jẹ́ kí ilé náà wó.