Asófẹ́yẹjẹ, Accra àti Lílù Ọkàn

Lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì tìtì ní Accra ní oṣù kẹfà ọdún 1939 ni ìjọba kọ́ ọ̀pọ̀ ilé sí Kaneshie fún àwọn tí ilé wó mọ́ lórí. Bí orí ẹnì kan bá dàrú nínú wọn, tí kò bá gba ilé oníṣègùn ìbílẹ̀ lọ, a jẹ́ pé ilé wèrè ìjọba tí wọ́n ṣí ní 1906 ni. Àdúgbò tó yí i ká ṣì ń jẹ́ Asylum Down títí dòní. Ìgbà tí Dókítà E. F. B. Forster, ọmọ Gambia, débẹ̀ ní 1951 ni ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní oníṣègùn ọpọlọ tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ara aláìsàn ti yá? Ó sùn, ó jẹun, ó wẹ̀, ó kí ènìyàn bó ṣe yẹ. Ní ilẹ̀ Yorùbá náà, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ kì í fi oorun ṣeré: wọ́n á gún gbòǹgbò asófẹ́yẹjẹ, igi tí àwọn Akan ń pè ní kakapenpen, wọ́n á pò ó mọ́ omi. Aláìsàn á mu ún, á bì, á yàgbẹ́, á sì sùn fọnfọn. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà, kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1960.

Ṣáájú ìgbà náà, ní 1952, ilé iṣẹ́ Ciba ní Switzerland ti yọ reserpine jáde lára ìbátan igi yìí tó wà ní Íńdíà. Reserpine a máa gbọn èròjà kan dànù nínú iṣan tí ń darí ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé a pàṣẹ fún un. Ọkàn á rọra máa lù, ìfúnpá á wálẹ̀, imú á dí.

Iṣan yìí gan-an ni oníṣègùn ọpọlọ kan, Daniel Funkenstein, ń yẹ̀ wò ní Boston láàárín àkókò náà. Ó ń fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ adrenaline àti mecholyl, ó ń wo bí ìfúnpá ṣe ń lọ sókè sódò, kó lè sọ ẹni tí ìtọ́jú fífi iná mànàmáná gbọn ọpọlọ máa wò sàn. Ariwo àyẹ̀wò yìí pọ̀. Àwọn tó tún un ṣe kò rí i gbára lé. Lónìí, àlàfo tó wà láàárín lílù ọkàn kan sí èkejì ni wọ́n ń wọ̀n. Lára ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àìsàn bipolar, àlàfo yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n ń lò fún àìsàn náà pẹ̀lú lè fà á. Kò tíì sí dókítà tó lè tìtorí òǹkà yẹn nìkan ní kí aláìsàn máa lọ sílé.

Reserpine ti fi hàn tipẹ́ pé lílù ọkàn nìkan kò tó láti mọ̀ pé ara ti yá. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn dókítà kíyè sí i pé lára àwọn tí ń lò ó fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ọkàn àwọn kan ń lù jẹ́jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ bò wọ́n mọ́lẹ̀ débi pé wọ́n ní láti gba oògùn náà lọ́wọ́ wọn.