Èdè-Ìperí fún Ìlóyún Láìséwu Lẹ́yìn Ìrìn-Àjò

Ọ̀rọ̀ oyún níní kì í ṣe àjèjì sí èdè Yorùbá, nítorí pé ilé-ọmọ, ibi-ọmọ, àtọ̀, nǹkan oṣù àti ọlẹ̀, tí í ṣe orúkọ ọmọ tí ó ṣì wà nínú ìyá rẹ̀, ti wà lẹ́nu àwọn àgbà kí ilé ìwòsàn ìgbàlódé tó dé. Ohun tí èdè náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ni ọ̀rọ̀ fún ìmúrasílẹ̀ tọkọtaya kí oyún tó dé, pàápàá nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá ti ìlú tí àrùn wà dé. Ó yẹ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fi àkókò hàn, kí ó sì kan ọkùnrin, torí pé orí obìnrin nìkan ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ àtijọ́ gbé ẹrù oyún lé.

Àrùn Zika jẹ́ àpẹẹrẹ tó yanjú. Igbó Zika ní Ùgáńdà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí kòkòrò rẹ̀ ní 1947, ṣùgbọ́n ìgbà tí ó jà ní Bràsíl ní 2015, tí ó sì kan Bahia níbi tí àtìrandíran Yorùbá pọ̀ sí, ni ayé tó mọ ohun tí ó lè fi ọlẹ̀ ṣe. Kòkòrò àìfojúrí gbòòrò jù láti fi pè é, nítorí náà àyálò fáírọ́ọ̀sì ló yẹ ẹ́. Ẹ̀fọn tó ń gbé e kiri sábà máa ń jẹni lọ́sàn-án, èyí tí ó fi yàtọ̀ sí ẹ̀fọn ibà tó ń jẹni lóru. Bí a bá pè é ní ẹ̀fọn ọ̀sán, arìnrìn-àjò á mọ̀ pé àwọ̀n orí bẹ́ẹ̀dì nìkan kò tó. Orí-kíkéré àbímọ́ ni a lè pe àbùkù tí fáírọ́ọ̀sì náà ń fà, nítorí pé inú ìyá ni ọpọlọ ọmọ náà ti kọ̀ láti dàgbà.

Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí obìnrin tó ti ìlú tí Zika wà dé dúró fún oṣù 2, kí ọkùnrin sì dúró fún oṣù 3, kí wọ́n tó wá oyún, kí wọ́n sì máa lo kọ́ńdọ̀mù, kódà bí ara wọn bá le, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àrùn náà ni kì í ṣàìsàn, fáírọ́ọ̀sì náà sì máa ń pẹ́ nínú àtọ̀ ju inú ẹ̀jẹ̀ lọ. Ìdádúró oyún kò lè jẹ́ orúkọ àkókò yìí, torí pé oyún tó dúró ni oyún tó ti wà. Sáà ìṣọ́ra ṣáájú oyún ló ṣe kedere.

Lẹ́yìn sáà náà ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìlóyún kàn, èyí tí í ṣe ọjọ́ 6: ọjọ́ 5 tó ṣáájú ìtúsílẹ̀ ẹyin, àti ọjọ́ náà gan-an, nítorí àtọ̀ lè wà láàyè fún nǹkan bí ọjọ́ 5, nígbà tí ẹyin obìnrin kì í ju ọjọ́ kan lọ. Ìjábọ́ ẹyin kò dára tó láti fi pe ìtúsílẹ̀ ẹyin, torí pé ó jọ ọ̀rọ̀ àdánù. Nǹkan bí ọjọ́ 14 kí nǹkan oṣù mìíràn tó dé ni ilé-ẹyin máa ń tú ẹyin sílẹ̀, nítorí náà obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń wá lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ 32 yóò máa retí ìtúsílẹ̀ náà ní nǹkan bí ọjọ́ 18 sí ìgbà tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀.

Àgàn àti akúra ló gba àtúnyẹ̀wò jù. Àgàn dà bí ìdájọ́ ayérayé lórí obìnrin. Akúra sì ń tọ́ka sí ọkùnrin tí kò lè bá obìnrin lò pọ̀, débi pé ẹni tí ara rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ máa ń gbà pé ẹ̀bi kò sí lọ́dọ̀ òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àtọ̀ rẹ̀ lè má tó tàbí kí ó má lágbára. Ohun tí àwọn oníṣègùn ń wò ni pé tọkọtaya ti ń bá ara wọn lò pọ̀ déédéé fún oṣù 12 láìsí oyún. Àìtètèlóyún tọkọtaya bá èyí mu, nítorí pé ó sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí láìdájọ́, ó sì ń pe ọkọ àti aya lọ síbi àyẹ̀wò pọ̀.