Epo Bẹntiróòlù àti Iná Mànàmáná: Ìtàn Ẹ̀rọ Tí Ń Fa Ìdọ̀tí Inú Rọ́ọ̀gì

Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́kọ́ fi ń fa eruku inú kápẹ́ẹ̀tì ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, epo bẹntiróòlù ló ń mu, ẹṣin ló sì ń fà á kiri ìgboro. Ọdún 1901 nìyẹn. Lónìí, bí àwọn tó ń fọ rọ́ọ̀gì bá gba iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Òkè-Ìlá (èyí tó wà nínú Adó-Èkìtì ni mo ń sọ, kì í ṣe Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún ti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun), ẹ̀rọ oníná ni wọn yóò gbé dání. Ṣùgbọ́n wọn yóò kọ́kọ́ yà sílé epo, nítorí bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ni yóò gbé ẹ̀rọ náà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń jiyàn pé ẹ̀rọ elépo ló ń fà jù, àwọn mìíràn á ní oníná ni. Níbòmíràn, ìyàtọ̀ méjèèjì hàn gbangba. Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n ti wọnú ara wọn, àfi kí èèyàn tọ ìtàn wọn lẹ́yìn kó tó mọ ibi tí agbára wà gan-an.

Kí rọ́ọ̀gì tó dé, ẹní la ń tẹ́. Ògòtùn jẹ́ ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn fún ẹní híhun ní ilẹ̀ Èkìtì, àwọn obìnrin ló sì ń hun ún jù. Ẹní kò bẹ ẹ̀rọ kankan lọ́wẹ̀: a ó gbé e jáde, a ó gbọ̀n ọ́n, a ó sá a sóòrùn, ìgbálẹ̀ yóò sì gbá abẹ́ rẹ̀ mọ́. Rọ́ọ̀gì ló kó wàhálà wọlé. Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn ní àwọn ọdún 1970, pàápàá lẹ́yìn tí owó Udoji (àfikún owó oṣù) bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní 1975, tẹlifíṣàn, ẹ̀rọ orin àti rọ́ọ̀gì di ohun tí ẹni tó rí jájẹ ń kó sí pálọ̀. Rọ́ọ̀gì tí wọ́n lẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ògiri dé ògiri kò ṣeé gbé jáde lọ gbọ̀n. Eruku ọyẹ́ á wọ inú rẹ̀, ilẹ̀ pupa àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà á bá a níbẹ̀, omi ọbẹ̀ á sì ta sí i. Ìgbálẹ̀ ń gbá ojú rẹ̀ nìkan ni.

Àwọn òyìnbó ti jẹ irú ìyà yìí ṣáájú wa. Ní 1876, Melville Bissell ti ìlú Grand Rapids ní Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ lórí àpótí kan tí búrọ́ọ̀ṣì ń yí nínú rẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tì í. Ní 1899, John Thurman ti ìlú St. Louis gba tirẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnì elépo ń gbé, tí ẹṣin ń fà láti ilé dé ilé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ Thurman kì í fa nǹkan kan. Ńṣe ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ líle sínú kápẹ́ẹ̀tì kí eruku lè fò jáde bọ́ sínú àpótí.

Irú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Hubert Cecil Booth lọ wò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹnjiníà ni Booth, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú kíkọ́ kẹ̀kẹ́ ńlá tí àwọn èèyàn ń gùn fún fàájì ní Vienna, èyí tó ṣì dúró síbẹ̀ di òní. Ó bi ẹni tó ni ẹ̀rọ náà pé kí ló dé tí kò kúkú fa eruku ọ̀hún. Ìyẹn ní kò ṣeé ṣe. Lẹ́yìn náà, ní ilé oúnjẹ kan ní òpópónà Victoria, Booth gbé ẹnu lé ara àga onírun, ó fi áńkáṣíìfù sáàárín, ó sì fa èémí sínú tagbáratagbára. Eruku fẹ́rẹ̀ẹ́ há a lọ́fun pa, ṣùgbọ́n nígbà tó wo áńkáṣíìfù náà, ó rí i pé òun ni òun jàre.

Kí ọdún 1901 tó parí, ẹ̀rọ rẹ̀ ti wà lójú títì. Ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù ló ń yí páǹpù inú rẹ̀, ẹṣin ló ń fà á, kò sì sí ilé tó lè gbà á. Ìta ni wọ́n ń gbé e sí, họ́ọ̀sì gígùn ni wọ́n sì ń ná gba ojú fèrèsé wọlé. Ariwo rẹ̀ ń da ẹṣin àwọn ẹlòmíràn láàmú débi pé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́. Síbẹ̀, ní 1902, òun ni wọ́n pè wá fa eruku kápẹ́ẹ̀tì Westminster Abbey kí wọ́n tó gbé adé lé Ọba Edward Keje lórí. Àwọn ọlọ́rọ̀ a máa pe ọ̀rẹ́ wá mu tíì lọ́jọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ Booth bá ń bọ̀, nítorí apá kan páìpù rẹ̀ mọ́ gaara, àlejò á sì máa rí ìdọ̀tí bó ti ń sáré kọjá. (Ìyáálé wo ní Adó ni yóò ranṣẹ́ pe àlejò wá wo eruku inú ilé rẹ̀?) Booth tún ṣe èyí tí mọ́tò oníná ń gbé, àmọ́ èyí elépo ló kọ́kọ́ gba òkìkí, torí pé ọ̀pọ̀ ilé nígbà náà ni iná mànàmáná kò tíì dé.

Bí iná ṣe wá gba ipò lọ́wọ́ epo kò ní í ṣe pẹ̀lú agbára rárá. Ní ìlú Canton ní ìpínlẹ̀ Ohio, James Murray Spangler ni ó ń tọ́jú ilé ìtajà ńlá kan, òun ló ń gbálẹ̀ ibẹ̀, ikọ́ fée sì ń bá a jà. Eruku kápẹ́ẹ̀tì fẹ́ pa á. Ó mú mọ́tò kékeré, fáànù, búrọ́ọ̀ṣì tó ń yí, igi ìgbálẹ̀ àti àpò ìrọ̀rí, ó so wọ́n pọ̀. Ní 1908 ó gba ìwé àṣẹ, William Hoover sì ra ẹ̀tọ́ náà. Oníṣòwò awọ ni Hoover, ohun èlò ẹṣin ló ń tà, mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ sì ti ń gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rọ Spangler kò lè fa nǹkan tó ẹ̀rọ Booth, àní kò súnmọ́ ọn. Ohun tó ní ni pé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń gbọn eruku jáde kí fáànù tó gbé e, àti pé ẹnì kan ṣoṣo lè gbé e káàkiri inú ilé. Ó gba ilé lọ́wọ́ elépo.

Ẹ̀rọ elépo padà wá lójú ọ̀nà mìíràn ní àwọn ọdún 1970. Ní Amẹ́ríkà, kápẹ́ẹ̀tì ti bo ilẹ̀ ilé tó pọ̀ jù lọ, iṣẹ́ sì ti kúrò lórí eruku gbígbẹ nìkan: wọ́n ń fín omi gbígbóná olóògùn sínú kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì fà á jáde pẹ̀lú ìdọ̀tí. Omi wúwo ju eruku lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi HydraMaster àti Prochem gbé ẹ́ńjìnì sínú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, wọ́n fi bẹ́líìtì so ó mọ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní Roots. Ẹ̀rọ Roots yìí ti dàgbà ju gbogbo wọn lọ. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Philander àti Francis Roots, tí wọ́n ní ilé ìhunṣọ onírun àgùntàn ní ìlú Connersville ní ìpínlẹ̀ Indiana, ló gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1860. Ẹ̀rọ tí omi yóò máa yí ni wọ́n ń wá. Wọ́n rí i pé irin méjì tó ń yí wọnú ara wọn yẹn ń gbé afẹ́fẹ́ ju bó ti ń gba omi lọ. Ẹ́ńjìnì inú ọkọ̀ náà sì ń ṣe iṣẹ́ mìíràn: ooru tí ì bá ṣòfò lára rẹ̀ ni wọ́n fi ń mú omi gbóná.

Níbí ni iyàn tí wọ́n ń jà wọlé, nítorí ìwọ̀n méjì ni agbára ìfà ní, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń pa wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ni bí ẹ̀rọ ṣe ń fà le tó nígbà tí ẹnu họ́ọ̀sì bá dí pátápátá. Wọ́n ń wọn ìyẹn pẹ̀lú gíga omi tó lè fà sókè nínú páìpù. Èkejì ni iye afẹ́fẹ́ tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí ohunkóhun kò dí i. Mọ́tò oníná kan tó dára máa ń fa omi sókè tó mítà 2.5 sí 3.5, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì máa ń tó nǹkan bíi mítà kúbíìkì 3 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rọ Roots inú ọkọ̀ máa ń fa omi tó mítà 4 sí bíi 4.8, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ mítà kúbíìkì 7 sí 12. Ẹ wò ó dáadáa: ní ti líle, elépo kò fi ìlọ́po méjì ju oníná lọ. Ibi tó ti fi í sílẹ̀ ni ti afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tó ń sáré ló ń gbé omi kúrò nínú irun rọ́ọ̀gì. Bó bá kéré, omi á kù sílẹ̀, rọ́ọ̀gì á pẹ́ kó tó gbẹ, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Àtẹ́lẹwọ́ tí àwọn èèyàn ń gbé dí ẹnu họ́ọ̀sì láti fi dán ẹ̀rọ wò ní ọjà ń wọn líle nìkan. Kò sọ ohunkóhun nípa afẹ́fẹ́.

Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ oníná kò káwọ́ gbera. Wọ́n á fi mọ́tò méjì sínú ẹ̀rọ kan: bí wọ́n bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, afẹ́fẹ́ á pọ̀ sí i, bí ọ̀kan bá ń fà lọ́wọ́ èkejì, líle ni yóò lé. Ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ ni sọ́kẹ́ẹ̀tì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, fóòtì 120 àti áńpíà 15, kò ju wáàtì 1,800 lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ ńlá wọn fi ń ní wáyà méjì tí wọ́n á kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì. Tiwa, tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ fóòtì 230 àti áńpíà 13, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wáàtì 3,000. Lórí bébà, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ní Òkè-Ìlá lè gbé mọ́tò méjì tí ti Chicago kò lè gbé.

Họ́ọ̀sì náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ kò lè wọlé, bíi ti Booth náà ló rí, nítorí náà họ́ọ̀sì rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn, ara họ́ọ̀sì sì ń jẹ agbára. Bí afẹ́fẹ́ bá yára ní ìlọ́po méjì, ohun tí họ́ọ̀sì ń jẹ á di bí ìlọ́po mẹ́rin, bí họ́ọ̀sì bá sì tín-ínrín, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ oníná jókòó sínú yàrá pẹ̀lú họ́ọ̀sì kúkúrú. Lórí àjà kẹta ilé alájà mẹ́ta, ìyàtọ̀ méjèèjì kéré sí ohun tí ìwé olùtajà ń sọ. Ní gbọ̀ngàn ńlá tí ọkọ̀ lè súnmọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, elépo jáwé olúborí.

Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń bá pàdé ní ìgboro Adó. Ọkọ̀ náà wọ́n, rọ́ọ̀gì aláti-ògiri-dé-ògiri sì ti ń kúrò nílé, táìlì ti gba ipò rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sáláṣí, òtẹ́ẹ̀lì àti ọ́fíìsì ló kù tó ní rọ́ọ̀gì púpọ̀. Nílé, ẹni tó ní rọ́ọ̀gì àárín pálọ̀ lè tẹ́ ẹ sórí sìmẹ́ńtì, kó da ọṣẹ ìfọṣọ àti omi sí i, kó fi búrọ́ọ̀ṣì bó o, kó sì gbé e kọ́ sórí ọgbà. Nínú ọyẹ́, kì í pẹ́ gbẹ. Nígbà òjò, ọ̀rọ̀ di méjì.

Nítorí náà, ẹ̀rọ oníná ló kù, ohun tó sì ń ṣe é níbí kò sí nínú ìwé tí wọ́n fi ń tà á. Ní oṣù kọkànlá 2013 tí ìjọba pín PHCN, ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná rẹ̀, tà, ilé-iṣẹ́ BEDC tó fi Benin ṣe ibùjókòó ló gba iṣẹ́ pípín iná fún Èkìtì. Àwa ṣì ń pè é ní NẸ́PÀ, orúkọ ilé-iṣẹ́ iná ìjọba àtijọ́. Bí iná bá rẹlẹ̀ láti fóòtì 230 dé 160, mọ́tò á ṣì máa yí, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ lè dín kù tó ìdajì. Òṣìṣẹ́ á rò pé họ́ọ̀sì ló dí. Bí iná bá lọ pátápátá, ó di ti jẹnẹrétọ̀. Èyí kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní I-better-pass-my-neighbour kò lè gbé mọ́tò kan tó jẹ wáàtì 1,200, ká má tíì sọ ti méjì, torí wáàtì rẹ̀ kò tó 1,000. Mọ́tò tún máa ń gba agbára ju bó ti yẹ lọ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án. Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́tò méjì ní láti gbé jẹnẹrétọ̀ oní-kVA 3.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo ọ̀nà tí epo ń gbà. Nínú ẹ̀rọ inú ọkọ̀, ẹ́ńjìnì fi bẹ́líìtì yí Roots, ó parí. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ́ńjìnì yí jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ di iná, iná gba wáyà gígùn, wáyà dé mọ́tò, mọ́tò yí fáànù. Olúkúlùkù wọn ń gba tirẹ̀ lára agbára náà, àwọn kan sì ń gbà ju àwọn mìíràn lọ. Gíga ìlú náà ń gba tirẹ̀ pẹ̀lú: Adó fi mítà tó lé ní 400 ga ju ìtẹ́jú òkun lọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fúyẹ́ díẹ̀ ju ti Èkó, nítorí náà agbára ẹ́ńjìnì kan náà á fi nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún dín sí bó ti rí létí òkun. Ìyẹn kéré. Èéfín kò kéré: ẹni tó bá gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ torí kí wáyà lè dé, ẹ̀mí ló fi ń ṣeré. Ìta tí Booth gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí ni àyè rẹ̀.

Owó ló sì ń dá iṣẹ́ dúró tàbí kó jẹ́ kó lọ. Ní oṣù kẹrin 2024, owó iná fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná yẹ kó máa dé ọ̀dọ̀ wọn jù lọ, di náírà 225 fún kílówáàtì kan ní wákàtí kan. Ní iye ìgbà yẹn, ẹ̀rọ oníwáàtì 2,000 á jẹ náírà 450 ní wákàtí kan. Jẹnẹrétọ̀ tó bá gbé ẹ̀rọ kan náà á mu epo tó lé ní lítà kan láàrin wákàtí yẹn. Ṣáájú oṣù kárùn-ún 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan kò tó náírà 200. Kí 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,000. Kí ẹni tó ń fọ rọ́ọ̀gì tó dárúkọ iye tí yóò gbà lórí gbọ̀ngàn kan ní Òkè-Ìlá, ó yẹ kó béèrè Band tí ilé náà wà àti wákàtí tí iná sábà máa ń dé. Bó bá jẹ́ òru ni, òru ni kó wá.